Àtàǹpàkò Yín Lára Gíláàsì

Bàbá mi, ẹni ire mi,

Ẹ kú àtijọ́ o. Mo mọ̀ pé a kì í béèrè àlàáfíà lọ́wọ́ ẹni tó ti sùn, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò mọ ọ̀nà mìíràn tó lè gbà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú yín. Ṣé ibẹ̀ tutù? Ṣé ẹ rí ẹni tí ẹ ń dá lápàárá níbẹ̀? Àárò yín ń sọ mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, nítorí bí n kò bá sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀, gbogbo ohun tí mo bá kọ yóò kàn máa yí i ká ni.

Màámi wà. Orúnkún ṣì ń dùn wọ́n láàárọ̀, wọn kò sì fi gaàrí díndín sílẹ̀, bí a ti pariwo tó. Ilé wa ní Òkèrèwè ṣì wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀, àfi ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ń gé gíláàsì. Ọmọbìnrin kan tó ń ta bátìrì àti wáyà fóònù ló gbà á. Kò yọ pátákó yín, ó ní ó ń bá òun dí oòrùn. Òjò ti fọ gbogbo ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ dànù, “A Ń GÉ” nìkan ló kù lókè. Àwọn oníbàárà máa ń dúró bi í pé kí ló ń gé gan-an. Mo rẹ́rìn-ín títí lọ́jọ́ tí mo gbọ́, àfi bí mo ṣe rí i pé omi ti ń bọ́ lójú mi.

Kò sẹ́ni tó ń fi oríkì pè mí mọ́. Dókítà ni Màámi ń pè mí, bí ẹ ṣe kọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ n kò tíì gba ìwé náà. Gbogbo àdúgbò ti gbà á lẹ́nu wọn. Lánàá, ìyá aláta kan fi ẹ̀yìn dídùn lọ̀ mí, ó ní kí n wo òun. Mo ní dókítà gíláàsì ni mí. Ó ní ṣé gíláàsì náà ń ṣàìsàn ni.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé ni pé mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè kan tí ẹ bi mí, mo sì fẹ́ ròyìn ohun tí mo fi gíláàsì yín ṣe. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bínú.

Ẹ rántí fóònù onígíláàsì tí mo rà fún yín? Àtàǹpàkò ọ̀tún ni ẹ máa ń fi ra á lójú, èyí tí gíláàsì gé tó sì fi àpá sílẹ̀ ní ìdábùú, tí awọ rẹ̀ ti yi bí awọ bàtà. Fóònù á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹ ó tún ra á. Ẹ ó tu itọ́ sí ìka, ìgbà yẹn ni yóò wá sáré lọ síbi tí ẹ kò rán an. Lọ́jọ́ kan ó lọ pe àbúrò yín ní Iléṣà kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ilé wọn dìde gìrì, wọ́n rò pé ẹnì kan ti kú. Ẹ gbé fóònù lé tábìlì, ẹ ń wò ó. Ẹ ní nínú gbogbo gíláàsì tí ẹ ti ń gbé láti kékeré, kò sí èyí tó ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ yín rí, àfi èyí. Ẹ wá bi mí pé kí ló dé tó mọ ọwọ́ mi tí kò mọ ọwọ́ yín? Mo ní n kò mọ̀, n ó wádìí. Ẹ kò dúró gbọ́ èsì.

Èsì náà rèé. Gíláàsì lásán kì í gbé iná, ẹ̀yin náà mọ̀. Irin ń gbé iná, ṣùgbọ́n ojú kì í la irin kọjá. Àwọn tó ṣe fóònù wá ohun tó ní ìwà méjèèjì pọ̀, ohun tí iná lè gbà kọjá tí ojú náà sì lè gbà kọjá, wọ́n sì fi í kun gíláàsì náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè rí i. Ara ènìyàn náà ń gbé iná díẹ̀, nítorí omi tó wà nínú rẹ̀. Bí ìka bá ti kan ojú fóònù, ohun tó wà lára gíláàsì yẹn á mọ̀ ọ́n lára pé ẹnì kan dé. Ṣùgbọ́n bí awọ ìka bá ti nípọn, tó sì gbẹ, omi ara jìnnà sí gíláàsì, kò sì ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń kan ilẹ̀kùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín nìyẹn, Bàbá. Kò kọ̀ yín. Kò gbúròó yín ni.

Ohun fẹ́lẹ́ yẹn, índíọ́mù ni wọ́n ń pe èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n bí ojú. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń wa òun nìkan nínú ilẹ̀, ìdí síǹkì ló máa ń sá pamọ́ sí, ìba díẹ̀ tí wọ́n bá sì rí níbẹ̀, gbogbo ayé ló ń du ú: oní-fóònù ń fẹ́ ẹ, oní-tẹlifíṣàn ń fẹ́ ẹ, àwọn tó ń fi oòrùn ṣe iná náà ń fẹ́ ẹ. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ káàkiri ṣe ń wá ohun mìíràn tó lè dípò rẹ̀. Iṣẹ́ tí èmi àti ọ̀gá mi ń ṣe nínú láàbù wa ní yunifásítì nìyẹn. A ń lo síǹkì, irú èyí tí wọ́n fi ń bo ara páànù òrùlé kó má baà dípẹtà, a ó fi alumíníọ́mù díẹ̀ sí i, ẹbí ìkòkò tí Màámi fi ń se ọbẹ̀. Orí òrùlé àti orí ààrò, ibẹ̀ ni a ti rí arọ́pò índíọ́mù.

Ìṣe rẹ̀ kò le láti sọ. A ó po iyọ̀ síǹkì mọ́ omi àti sípíríìtì, a ó gbé gíláàsì sórí àwo kan tí iná ń mú gbóná gan-an, a ó sì máa fín omi náà sí i bí ìkùukùu, bí ẹni ń fín omi sára aṣọ tó fẹ́ lọ̀. Omi á gbẹ, síǹkì á dúró. Ìgbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Màámi níbi tí wọ́n ti ń yan gaàrí, wọ́n ní ó yé àwọn, pé bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ní í rọ́pò. Wọ́n yan gaàrí náà díẹ̀ sí i. Wọ́n wá ní, “Bàbá rẹ ńkọ́, kí lẹ fi rọ́pò ìyẹn?” Mo bá wọn koná.

Tèmi nínú iṣẹ́ náà ni pé mo fẹ́ gíláàsì tí yóò mọ ọwọ́ líle. Mo fẹ́ kí ó gbúròó àgbẹ̀, kí ó gbúròó ẹni tó ń din gaàrí, kí ó gbúròó irú ọwọ́ yín. Fóònù Màámi náà kò mọ̀ wọ́n, iná ààrò ti jó ìka wọn gbẹ. Ọmọ ará ilé ni wọ́n máa ń bẹ̀ kó bá wọn pe èmi tí mo jẹ́ ọmọ wọn. Àwọn èèyàn ní ohun ńlá ni mo ń kọ̀wé lé lórí. Wọn ò mọ̀ pé ìbéèrè yín ni mo ń gbé kiri.

N kò yé ṣe bíi tiyín o. Kí n tó lo gíláàsì kankan, mo gbọ́dọ̀ mí hàà sí i lójú, bí ẹ ṣe máa ń ṣe níwájú ṣọ́ọ̀bù, kí n sì wo bí ooru ẹnu mi ṣe ń kúrò. Bó bá kúrò geere, ó mọ́. Bó bá lẹ̀ mọ́ ibì kan, ìdọ̀tí wà níbẹ̀. Nínú láàbù gbogbo èèyàn ló ń ṣe é, wọ́n ní ìwé ló kọ́ wọn. Èmi nìkan ni mo ń ṣe é tí imú mi ń gbóòórùn epo tí ẹ fi ń gé gíláàsì, ti obì tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ yín, àti ti ìwé ìròyìn àtijọ́ tí ẹ fi ń di gbogbo nǹkan. Ìgbà mìíràn mo máa ń mí sí gíláàsì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ó wá ku orí kan nínú ìwé mi, orí tó kẹ́yìn. Mo ní láti ṣe gíláàsì kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, kí n fi han àwọn tí yóò yẹ iṣẹ́ mi wò pé ó ń gbúròó ọwọ́ líle. Gíláàsì tín-ín-rín ló gbọ́dọ̀ jẹ́, nítorí bí èyí tó nípọn bá ti dórí àwo gbígbóná yẹn, pàó, ó ti fọ́ nìyẹn. Èyí tí a bèèrè fún láti òkè òkun kò dé. Mo ní kí ni mo ń yọnu sí, ṣèbí ọmọ onígíláàsì ni mí. Mo jáde wá a. Háà, Bàbá, ayé ti yí! Mo rìn ní Lagere, mo rìn ní Ṣábó, mo dé Òkè-Ogbó. Gíláàsì fèrèsé ló kún ibẹ̀, ó nípọn bí ògiri, ó dúdú bí ojú ẹni tó ń bínú. Gíláàsì fọ́tò, èyí fúyẹ́fúyẹ́ tí ẹ máa ń gé, kò sí. Rọ́bà ni gbogbo wọn ń fi sínú férémù báyìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi rọ́bà náà hàn mí, ó ní èyí ò lè fọ́ láéláé. Mo ní ṣé ó lè dúró lórí iná? Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.

Ọ̀gá mi, Prof, ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Wọ́n ní, “Madam, a ò lè máa fi ẹnu lásán ṣe gíláàsì. Tí o ò bá rí i kí wọ́n tó ti láàbù yìí pa fún àtúnṣe, ọdún mìíràn nìyẹn o.” Ọdún mìíràn! Mo gbé ojú sílẹ̀, mo gba ilé lọ.

Ẹ ti mọ ibi tí mo ń lọ. Gíláàsì kan ṣoṣo ló kù nínú gbogbo iṣẹ́ yín, èyí tí ẹ gé lọ́jọ́ tí mo gba àǹfààní àtikà ìwé dókítà yìí. Ẹ ní ti fọ́tò mi ni, fọ́tò ọjọ́ tí mo bá wọ aṣọ pupa ìgboyè. Ẹ kò tíì ṣe férémù, ẹ kò tíì rí fọ́tò, gíláàsì ni ẹ kọ́kọ́ gé. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe ẹ̀yin? Màámi fi í sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù pẹ̀lú ìwé ìròyìn tí ẹ fi dì í. Wọ́n máa ń gbé e jáde nù. Níbi tí wọ́n ti ń nù ún lọ́jọ́ kan, wọ́n mí sí i bí ẹ ṣe ń ṣe, àfi bí àtàǹpàkò yín ṣe yọ ní igun kan, gbogbo ìlà rẹ̀, àti àpá tó dá a níbùú. Láti ọjọ́ náà, bí àárò bá ti sọ wọ́n, wọ́n á tilẹ̀kùn, wọ́n á mí sí i, wọ́n á rí yín fún ìgbà díẹ̀, ẹ ó tún lọ.

Gíláàsì yẹn ni mo lọ tọrọ. Màámi kò bú mi. Ó sàn kí wọ́n bú mi. Wọ́n kàn ń yan gaàrí wọn lọ. Mo kó ẹrù mi padà sí yàrá mi ní Mayfair, lọ́nà yunifásítì, mo ti gbà pé kò ṣeé ṣe. Nígbà tí mo tún wálé, wọ́n ti gbé e sórí tábìlì nínú ìwé ìròyìn rẹ̀. Wọ́n ní bàbá rẹ ló gé e fún ọ, ohun tí o bá fẹ́ fi ṣe ni kí o fi ṣe. Ṣùgbọ́n igun tí bàbá rẹ wà, kí o gé ìyẹn kúrò, kí o fún mi. Wọ́n ní, “Lọ́wọ́ rẹ ni n ó ti béèrè rẹ̀.” Mo búra fún wọn, Bàbá. Mo fi ibojì yín búra.

Ẹ wá gbọ́ bí mo ṣe ṣe é. Mo mú dáyámọ́ǹdì yín tí ẹ fi ń gé gíláàsì, mo fi epo kùn ún lẹ́nu. Mo tẹ́ ìwé ìròyìn, mo gbé gíláàsì lé e, mo mí sí i. Ẹ yọ ní igun apá ọ̀tún. Ẹ kì í gbà kí a fi báírò kan ara gíláàsì, ẹ ní ìwé ìsàlẹ̀ la ń sàmì sí, gíláàsì kì í ṣe síléètì. Mo sàmì sí ìwé ìsàlẹ̀ bí ẹ ṣe kọ́ mi, ní abẹ́ igun ọ̀tún náà. Ọyẹ́ ń jà, ooru ẹnu ti gbẹ lójú ẹsẹ̀, ẹ ti pòórá. Mo wá rí eruku lábẹ́ gíláàsì náà. Mo gbé e, mo nu ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì tẹ́ ẹ padà sórí ìwé. Mo fa ìlà níbi tí mo sàmì sí, mo kan án pẹ́pẹ́, ó kán bí ẹ ṣe fẹ́ràn kó kán, láìdún. Mo fi áńkáṣíìfù funfun di igun náà, mo kúnlẹ̀, mo fi í lé Màámi lọ́wọ́. Wọ́n fi í sínú àpótí tí wọ́n ń kó Bíbélì sí. Wọ́n ní àwọn ò ní máa mí sí i lemọ́lemọ́ mọ́, kí ó má baà tán.

Ẹ̀yin ti rí ibi tí mo ti ṣìnà. Èmi kò rí i.

Mo gbé ìyókù lọ sí yunifásítì lórí ọ̀kadà. Gíláàsì kì í dùbúlẹ̀ rìnrìn àjò, òfin yín, nítorí náà mo gbé e dúró láàárín èmi àti ẹ̀yìn ọlọ́kadà. Ó bi mí pé kí ló ń tutù lẹ́yìn òun. Mo ní ogún bàbá mi ni. Láti ibẹ̀ dé ẹnu géètì, kò tún sáré mọ́. Nínú láàbù, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi sípíríìtì fọ̀ ọ́, mo gbé e sórí àwo gbígbóná, iná kò lọ lọ́jọ́ náà, ẹ ò rí oore. Mo fín síǹkì sí i títí ó fi tó. Mo jẹ́ kí ó tutù, mo gbé e wá síbi fèrèsé. Ó mọ́ gaara, àwọ̀ díẹ̀ díẹ̀ ń yí lára rẹ̀ bí kẹrosíìnì lórí omi òjò. Inú mi ti ń dùn. Mo wá yí i sí ọ̀dọ̀ oòrùn.

Àtàǹpàkò yín wà ní igun rẹ̀.

Yéè! Mo pariwo débi pé ẹni tó wà ní láàbù kejì sáré wá. Gbogbo ìlà ìka yín ló dúró níbẹ̀ láàárín àwọ̀ yẹn, kì í ṣe ti ooru ẹnu tí yóò lọ, ó dúró gbọnin, àti àpá náà. Ìgbà tí mo yí gíláàsì padà láti nu ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀tún ti di òsì. Ìwé ìsàlẹ̀ kò yí, gíláàsì ló yí. Igun òfìfo ni mo gé fún Màámi. Ẹ̀yin gan-an ni mo gbé lé orí iná.

Prof dé, wọ́n gba gíláàsì náà lọ́wọ́ mi, wọ́n wọ awò wọn. Wọ́n ní, “Kí lèyí? Ṣé o ò fọ̀ ọ́ ni?” Mo ní, “Bàbá mi ni, sà.” Wọ́n ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà pé òróró ọwọ́ tó bá pẹ́ lára gíláàsì máa ń jẹ ẹ́ wọlé, ọṣẹ kankan kò lè fọ̀ ọ́ kúrò, ibi tí ó sì jẹ yẹn ni síǹkì ti dúró lọ́nà tirẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ iná tó ń kọjá wò, láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, wọ́n sì yẹ orí àtàǹpàkò náà wò. Iná ń gba orí yín kọjá. Mo rò pé wọn yóò ní kí n gé igun náà sọnù kí iṣẹ́ lè dára lójú. Wọ́n ní kí n má fi dáyámọ́ǹdì kàn án rárá.

Ó wá ku Màámi. Ẹ̀rù bà mí, Bàbá. Mo ronú pé kí n má sọ, ṣèbí wọ́n ní àwọn ò ní mí sí i mọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni n ó ṣe máa wo ojú wọn tí wọ́n bá ń bá gíláàsì òfìfo sọ̀rọ̀? Mo délé, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n ṣí àpótí, wọ́n tú áńkáṣíìfù. Wọ́n mí hàà sí igun náà. Ooru ẹnu wọn bò ó, ó sì lọ geere, kò lẹ̀ mọ́ ibì kankan. Wọ́n tún mí sí i. Bàbá, èémí Màámi ti kúrú, ṣé ẹ mọ̀? Mo gbọ́ ọ bó ṣe ń já. Wọ́n ní, “Ó mọ́.” Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn, wọ́n jókòó sórí àpótí náà.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká lọ. Wọn ò bi mí pé níbo. Wọ́n wẹ ìyẹ̀fun gaàrí kúrò lọ́wọ́, wọ́n wé gèlè, wọ́n mú igun òfìfo náà dání, a wọ ọkọ̀ lọ sí yunifásítì. Wọn ò dé láàbù mi rí. Gbogbo ẹni tí a pàdé ni wọ́n ń kí bí ẹni tó wá sí ilé àna. Prof fi àga fún wọn, wọ́n kọ̀, wọ́n ní orúnkún àwọn ò fẹ́ ìjókòó. Irọ́ ni. Ojú ló ń kán wọn.

Mo ti gbé gíláàsì náà dúró lórí ẹsẹ̀ kékeré kan, mo ti so wáyà mọ́ etí rẹ̀ méjèèjì, ó lọ sínú ẹ̀rọ kékeré tí mo tò, a sì fi gílóòbù kan tí kò ju ẹyọ àgbàdo lọ sí iwájú rẹ̀. Bí gíláàsì bá gbúròó ọwọ́, kí gílóòbù tàn. Láti ọjọ́ tí mo ti tò ó, n kò tíì fi ọwọ́ líle kankan dán an wò. Ọwọ́ tèmi ló mọ̀, ti Prof náà ló mọ̀, ọwọ́ rírọ̀ ti akọ̀wé sì ni ti Prof. Bí kò bá mọ ọwọ́ Màámi, òfo ni gbogbo ọdún tí mo lò, mo sì ti fi iná jó yín lásán.

Màámi kò wo gílóòbù. Wọ́n ti rí yín. Wọ́n súnmọ́ gíláàsì náà títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, wọ́n ń wo ìlà ìka yín láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kí wọ́n tó bi ẹnikẹ́ni, wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ tó ń yan gaàrí láti ìgbà èwe mi, tí ìka rẹ̀ ti gbẹ tó sì ti sán, wọ́n fi àtàǹpàkò wọn lé orí àtàǹpàkò yín.

Gílóòbù tàn.

Prof ní, “Ah!” Mo di tábìlì mú. Màámi rí ìmọ́lẹ̀ náà, wọ́n wò mí, wọ́n wo ọwọ́ wọn. Wọ́n ní, “Ṣé èmi ni?” Mo ní ẹ̀yin ni, mà. Wọ́n ní kí n dákẹ́. Wọ́n ní, “Àwa méjèèjì ni. Ó mọ̀ wá.”

Bàbá, ẹ bi mí pé kí ló dé tí gíláàsì kò fi mọ̀ yín. Èsì mi nìyẹn. Ó pẹ́. Ẹ forí jì mí pé ó pẹ́.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò ìwé mi, gíláàsì náà yóò padà wálé, inú férémù ni yóò wà, a kò sì ní fi fọ́tò kankan sẹ́yìn rẹ̀. Lọ́jọ́ tí gílóòbù tàn náà, ọkùnrin tó ń ti ilẹ̀kùn láàbù wọlé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó ní ilẹ̀ ti ń ṣú, kí a jọ̀wọ́. Prof juwọ́ sí i pé kó ní sùúrù. Màámi kò tíì gbé ọwọ́ kúrò, ìmọ́lẹ̀ náà ṣì ń tàn.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, tí ó ṣì ń mí hàà sí gíláàsì tó ti mọ́.